Àgbàlagbà Lórí Pápá

Ọ̀nà méjì ni èdè wa máa ń gbà júwe àgbà. Ìkíní ni ìjókòó: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni bí àgbà kò bá sí nílé, wọ́n ní ilé ti dahoro. Èkejì ni ọ̀rọ̀: àgbà ni ó ni òwe, òun ni ó ni ìtàn, òun náà ni ó ni ìdájọ́. Nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, kò sí ohun tí a fi ara àgbà ṣe. Ó jókòó, ó sì sọ̀rọ̀, ó parí. Bí ó bá wá dìde tí ó sáré, èdè wa ti ní òwe nílẹ̀ dè é: àgbàlagbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e.

Kí ni kí a wá sọ nípa ọkùnrin tí ó ti ń súnmọ́ 60 ọdún, tí ó wọ ṣòkòtò péńpé, tí ó so okùn bàtà rẹ̀ le, tí ó sì ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ìwé kan ní Mafolúkù, ní Òṣòdì, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Kò sí ohun tí ó ń lé e. Ohun tí òun náà ń lé kò ju awọ tí a fẹ́ atẹ́gùn sí lọ. Kò sí ẹni tí ó ń sanwó fún un. Òun gan-an ni ó ń san owó ẹgbẹ́. Àwọn tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì a máa wò ó, wọn a sì mi orí. Mo ti gbọ́ tí ìyá kan bèèrè pé ṣé bàbá yìí kò ní ọmọ tí ó lè bá a gbá a ni. Ìbéèrè náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ni ìbéèrè àṣà wa gan-an: kí ni àgbà ń fi ara rẹ̀ ṣe tí kò lè rán ọmọ?

Mo gbà pé ìdáhùn wà, kì í sì í ṣe èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà máa ń fún ni. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn a ní nítorí ìlera ni, wọn a ní dókítà ni ó ní kí àwọn máa ṣe eré ìdárayá. Ìlera dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ìlera lásán lè jí ní ìdájí kí ó rìn yí àdúgbò ká. Kò nílò ènìyàn 21 mìíràn. Àwọn ènìyàn 21 yẹn ni ó gbé bàbá yìí dé pápá, ohun tí ó sì ń rí gbà lọ́wọ́ wọn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Kí a tó dé orí pápá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sí ìdí ọpọ́n ayò, nítorí ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti yanjú apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá bá àwọn ènìyàn nídìí ayò kì í kí wọn bí ó ti ń kí àwọn mìíràn. Kò wo ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kò wo ẹni tí ó jẹ́ àbúrò, kò sì wo olóyè. Ọ̀ta ni ó ń kí, ọ̀pẹ ni ó ń kí. Ọ̀ta ni yóò dáhùn. Ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Bí ọ̀ta bá jẹ́ ọmọ 20 ọdún, tí ọ̀pẹ sì jẹ́ baálé ilé tí ó bí i, ọmọ ni yóò jẹ́ ìkíni náà, baálé ilé a sì dákẹ́. Ẹ wò bí èyí ti tóbi tó. Ní àwùjọ tí ọmọdé ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ó tó la ẹnu, àwọn baba wa mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ojú kan sílẹ̀ tí ọjọ́ orí kò ti ní ìwọ̀n. Wọ́n mọ̀ pé eré tí ọ̀wọ̀ bá ti wọ inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí mo bá jẹ́ kí bàbá mi pa mí láyò nítorí pé bàbá mi ni, bàbá mi kò ta ayò. Èmi ni mo ń tàn án.

Ṣùgbọ́n orí àti ọmọ ìka ni a fi ń ta ayò. Nínú eré tí a fi gbogbo ara ṣe, àṣà wa kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àgbà. Ìjàkadì jẹ́ ti ọ̀dọ́. Àgbà ni ó ń wòran. Lóòótọ́, àgbà a máa jó, ijó rẹ̀ a sì máa dùn wò ju ti ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ijó kò ní alátakò. Owó ni a ń ná lé onítọ̀hún lórí. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ gba ijó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá yẹ ìwé àti eré ìtàgé wa wò, a ó rí àlàfo yìí kan náà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, àgbàlagbà ni Àkàrà-oògùn nígbà tí ó tọ òǹkọ̀wé wá pé kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ara rẹ̀ le ni ó wọ igbó tí ó sì bá ẹbọra wọ̀jà. Ọ̀dọ́ ni ó ṣe é, àgbà ni ó ròyìn rẹ̀. Ìpín iṣẹ́ yìí dá ṣáṣá, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé Fágúnwà gbà á láìbéèrè.

Ẹ wá wo Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tí ó kú ní 2018. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí ó gbé ìwà àgbàlagbà wọ̀ ní àwọn ọdún 1960, tí ó so táì ńlá mọ́ ọrùn, tí ó so aago orí tábìlì mọ́ ọwọ́. Kí ni a ń rẹ́rìn-ín sí? Àgbà tí kò gbà láti jókòó ni. Ó fẹ́ rí owó bí ọ̀dọ́, ó fẹ́ fẹ́ obìnrin bí ọ̀dọ́, ó sì ń sáré kiri lórí ìtàgé. Ẹ̀rín náà dùn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má rín in mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rín náà ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí ó lágbára ju òwe lọ: pé ara àgbà tí ó bá ń rìn gìrìgìrì, ẹ̀fẹ̀ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo rí tí ó yapa ni Lápàdé, akọni inú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Lápàdé ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Kò sí ìjọba tí ó rán an níṣẹ́, síbẹ̀ ó ń lé ọ̀daràn, ó ń jà, ó ń sá, ó sì ń fara gbọgbẹ́. Nígbà tí Òkédìjí máa gbé e padà wá ní 1971, Àgbàlagbà Akàn ni ó pe ìwé náà. Lápàdé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. A máa ń bẹ̀rù fún un, nítorí pé ó lè ṣubú. Mo rò pé ibi tí iyì rẹ̀ ti wá nìyẹn: òǹkọ̀wé kò dáàbò bò ó.

Nísinsin yìí a lè padà sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Oríṣi mẹ́ta ni mo ti rí tí àgbàlagbà fi ń gbá a ládùúgbò wa, méjì nínú wọn kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Oríṣi kìíní ni ìdíje ìparí ọdún láàárín àwọn tí ó ti gbéyàwó àti àwọn àpọ́n. Kò sí àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n. A ó so àsíá mọ́ra, a ó gbé ẹ̀rọ orin síta, àwọn baálé ilé a sì jáde pẹ̀lú ikùn nínú aṣọ tí kò gbà wọ́n mọ́. Bí ọ̀kan bá gbá bọ́ọ̀lù tì, tí ó jókòó lé ilẹ̀, ìdùnnú a ṣubú lu ayọ̀. Bàbá Sàlá ni èyí láìsí ìtàgé. Àwọn àpọ́n náà mọ̀ pé àwọn kò gbọdọ̀ gbá a dé ojú àmì. Ẹni tí ó bá fi tagbáratagbára gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àna rẹ̀ lọ́la kò gbọ́n. Àjọyọ̀ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Oríṣi kejì burú jù ú lọ. Nínú ẹgbẹ́ kan, alága ni ó ra bọ́ọ̀lù, òun ni ó ra aṣọ, òun ni ó ń san owó ọbẹ̀ ata tí wọ́n ń mu lẹ́yìn eré. Nítorí náà, òun ni yóò gbá pẹ̀nárítì. Òun ni atamátàsé lọ́jọ́ gbogbo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sáré dé ìdajì pápá. Àwọn ọmọkùnrin a máa gbé bọ́ọ̀lù fún un níwájú ilé, aṣọ́lé a sì ṣubú sí apá ibi tí bọ́ọ̀lù kò gbà. Gbogbo wọn a pariwo pé alága tún ti sọ ọ́ sáwọ̀n. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni wọ́n ní kí ó máa dáhùn bí ọ̀ta. Ó ti fi owó rẹ̀ ra ìjókòó mìíràn. Ó kàn jẹ́ pé ìjókòó yìí wà ní àárín pápá.

Oríṣi kẹta ni ti ọkùnrin tí mo mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó ń tà ní ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, iwájú ni ó ń gbá. Nígbà tí ó lé ní 40, ó sún sí àárín. Nísinsin yìí, ẹ̀yìn ni ó wà, ní apá ọ̀tún, níbi tí kò ti nílò láti sáré jìnnà. Bí ọdún rẹ̀ ti ń lọ síwájú ni òun ń rẹ̀yìn lórí pápá, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ẹni tí yóò gbá a tó mọ̀. Ó máa ń ti débẹ̀, kì í ṣe pé ó yára, bí kò ṣe pé ó tètè gbéra.

Etí ni mo fi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn méjì ìṣáájú, kì í ṣe ojú. Ẹ tẹ́tí sí bí àwọn ọmọkùnrin ti ń bá a sọ̀rọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, “Ẹ káàárọ̀, sà” ni, wọ́n a tẹ̀ba díẹ̀. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè, gbogbo “ẹ” a pòórá. “Bàbá, sílẹ̀!” “Bàbá, gbé e wá!” Bí alátakò bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ 20 ọdún a kígbe pé “Ẹ̀yìn ẹ!” Kò ní sọ pé “ẹ̀yìn yín”, àyè rẹ̀ kò sí. Orúkọ oyè ṣì wà, Bàbá ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe ti bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe, wọn a bú ramúramù mọ́ ọn bí wọ́n ti ń bú mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, fèrè ìkẹyìn a dún, “ẹ” a sì padà wálé. Ọmọ tí ó gbá a ní kókósẹ̀ a sáré wá pé “Ẹ máà bínú, sà, ẹsẹ̀ mi ni ó ṣèèṣì,” a sì bá a gbé àpò rẹ̀.

Ohun tí ó ń wá wá sí pápá nìyí. Ní ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo ènìyàn ni ó ń yẹ̀ fún un lọ́nà. Nílé, òun ni ó ń jẹ ẹran tí ó tóbi jù. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọṣẹ́ a máa gbà pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ó bá sọ. Ẹni tí kò bá sí ẹni tí ó ń já a kulẹ̀, kò ní mọ ìgbà tí ó bá dára lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti lè gba nǹkan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìtọrọ àforíjì. Bí òun náà bá wá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọ tí ó lè bí, ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò fi í tọrẹ fún òun.

Àwọn kan yóò ní ewu wà níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ẹ̀jọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni. Bí ọkàn ọ̀dọ́ tí ó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe bá lè kọ̀ báyìí, kí ni ti ẹni 58 tí ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ Ajé? Iṣan ara ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún. Iye ìgbà tí ọkàn lè lù láàárín ìṣẹ́jú kan ń wálẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Iṣan tí ó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ a sì máa já lójijì lára àwọn tí ó ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tilẹ̀ burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé kì í kan ilẹ̀kùn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun gbá a bí ẹgbẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Mímọ ìgbà yẹn jẹ́ apá kan nínú eré náà.

Níbòmíràn láyé, wọ́n ti wá ọ̀nà mìíràn sí i. Ní 2011, ní ìlú Chesterfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù tí a ń fi ìrìn gbá fún àwọn tí ó ti lé ní 50 ọdún. Ẹni tí ó bá sáré ti jẹ̀bi. Ọgbọ́n ni, ó sì ti tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kó àwọn àgbà jọ sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Àwa ti ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú, tí ó ń kó ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà jọ, tí a sì ń rí ẹwà wọn ní Ojúde Ọba. Ẹwà ni lóòótọ́. Síbẹ̀, láàárín régbérégbé, ta ni yóò pariwo “Ẹ̀yìn ẹ!” sí àgbà? Ohun tí pápá Mafolúkù ní tí àwọn yìí kò ní ni pé ọmọ 19 àti ẹni 58 wà nínú aṣọ kan náà.

A lè fi àwọn akọni gbè é lẹ́sẹ̀. Stanley Matthews gbá ìdíje líìgì rẹ̀ ìkẹyìn ní 1965, nígbà tí ó pé 50 ọdún. Ó ti wá sí Gánà ní 1957, ó sì bá Hearts of Oak gbá bọ́ọ̀lù. Roger Milla ti Kamẹrúùn ti ń gbá bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ ní erékùṣù Réunion kí wọ́n tó pè é padà fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1990, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ 38. Ọmọ 42 ni nígbà tí ó gbá ayò wọlé Rọ́ṣíà ní 1994. Rashidi Yekini tiwa ti lé ní 40 nígbà tí ó padà wá gbá fún Gateway ti Abẹ́òkúta ní 2005. Gbogbo ayé ni ó ń wo àwọn wọ̀nyí, owó sì wà níbẹ̀. Bàbá Mafolúkù kò ní òǹwòran ju àwọn tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fi mọ́ tónítóní: eré náà nìkan ni èrè rẹ̀.

Ohun kan ni ó ń bà mí lẹ́rù, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ni. Òṣòdì jẹ́ ibi tí a ti ń gbèrò fún ẹni tí ń kọjá ju ẹni tí ń gbé ibẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tí ó dí ojú ọ̀nà. Ní 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí ó rọ́pò rúdurùdu àtijọ́. Ọkọ̀ ń lọ geere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ìlú yìí kan náà ni Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun ti ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́. A jẹ́ pé Òṣòdì mọ̀ pé ẹni tí ó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n pápá kì í ní agbẹjọ́rò. Ilẹ̀ tí ó bá ṣófo ní Èkó, ojú ilé ni a fi ń wò ó.

Àwọn ènìyàn rò pé bí pápá bá lọ, ọmọdé ni yóò pàdánù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọdé yóò to bíríkì méjì sí ojú títì, yóò gbá fẹ̀lẹ̀lẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjì, sẹ́ẹ̀tì mìíràn a sì máa dúró de ẹni tí ó bá pàdánù. Orúnkún àgbà kò lè gba ọ̀dà. Erùpẹ̀ àti koríko ni ó ń gbé e. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ ògiri sí pápá Mafolúkù, ọmọ yóò rí ibòmíràn gbá a; bàbá yóò padà sí orí àga, gbogbo ènìyàn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé òótọ́ ni ó ń sọ.

Kí àwọn òǹkọ̀wé wa náà gbìyànjú. A ti ní àgbà tí ó ń ròyìn, a sì ti ní àgbà tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Èyí tí ó lè ṣubú, tí a kò sì mọ̀ bóyá yóò ṣubú, ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wa láti ìgbà Lápàdé. Ó sì wà níta níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún. Kò nílò àpọ́nlé. Kí a gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí a bá lè gbà á.